Àgò Lẹ́nu Géètì Tí Kò Ṣí

Irin tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀ ní òórùn tirẹ̀. Ìpẹtà wà nínú rẹ̀, ọ̀dà wà nínú rẹ̀, òógùn ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti dì í mú náà sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn dáadáa, torí pé ẹ̀yìn géètì onírin ni mo fi nǹkan bí ọdún méjì gbé ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀. Òkè pátápátá ni ilé tiwa wà. Bí o bá gun àtẹ̀gùn dé òpin, tí o yà sí ọwọ́ òsì, wàá rí géètì náà níwájú ilẹ̀kùn onígi wa, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣí, àti irin gbọọrọ gbọọrọ tí àlàfo àárín wọn kò gbà ju ọwọ́ lọ. Àwọn ará ilé yòókù ṣe tiwọn torí olè. Àwa ṣe tiwa torí ọmọ.

Àṣàkẹ́ ni à ń pe ọmọ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa tipẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ kò ní máa dàgbà bí ara rẹ̀ ṣe ń dàgbà, pé ohun tí ọmọ mìíràn ń mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè gbà á lọ́dún kan, àti pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ohun tí dókítà kò sọ fún wa ni bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Lọ́jọ́ kan ní Àgọ́ Palace, níwájú ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó já ọwọ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì bọ́ sójú títì. Ọlọ́run ló ní kí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń bọ̀ tètè tẹ bíréékì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún ọkọ mi pé a gbọ́dọ̀ ṣe géètì. Ó pe wẹ́dà, wẹ́dà ṣe é, mo sì so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ mọ́ okùn, mo fi kọ́ ọrùn. Mo máa ń wọ̀ ọ́ sùn.

Ìwọ náà lọ́mọ, o mọ bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣe. Bó bá ti wọlé tán, gbogbo nǹkan ni yóò máa pàṣẹ lé lórí. Ọkọ mi, tó ń tún ara ọkọ̀ tó ti rún ṣe ní Ṣógúnlé, jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kó máa bá ọmọ ṣeré. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, tí gírísì ṣì wà léèékánná rẹ̀, á kúnlẹ̀, á di ọkọ̀ akẹ́rù, á gbé Àṣàkẹ́ sẹ́yìn, á máa kù, á máa fun fèrè, á sáré yí tábìlì ká. Ọmọ á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín á fi di igbe. Láti inú igbe, á bọ́ sí ìjánijẹ: á gé bàbá rẹ̀ jẹ léjìká, á gé ara rẹ̀ jẹ lọ́wọ́, á sì máa fi orí gbá ilẹ̀. Èmi ni mo máa ń dì í mú títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọkọ mi pé, "Eré yìí ló ń dà á láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́." Kò bá mi jà. Láti ìgbà náà, bó bá dé, á fọwọ́ kan orí ọmọ, á sì lọ jókòó.

Ilé wá dákẹ́. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àlàáfíà. Mo kó gbogbo ohun tó lè fọ́ kúrò nílẹ̀. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe jókòó, bí yóò ṣe mú ṣíbí, bí yóò ṣe gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá a sọ láàárọ̀ tàbí lálẹ́ ju "jókòó" àti "má ṣe bẹ́ẹ̀" lọ. Síbẹ̀, ṣe ni fífi orí gbá nǹkan ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ rẹ̀, obìnrin kan tó máa ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bi mí léèrè pé, "Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé ẹ máa ń bá a ṣeré nílé?" Inú bí mi. Mo ní, "Àǹtí, ọmọ yìí ò mọ eré í ṣe. Ìjà ni eré máa ń dà fún un." Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Kò burú, mà." Kò pẹ́ sígbà náà ni Àṣàkẹ́ gé ọmọ kan jẹ nínú kíláàsì débi tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, wọ́n sì ní kó lọ sinmi nílé ná.

"Ná" yẹn di oṣù lórí oṣù. Mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé tí mo ní ní Òṣòdì sílẹ̀. Bí mo bá jáde, mo gbọ́dọ̀ mú un dání. Bí mo bá sì mú un dání, n kò ní lè ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn irin ni mo ti ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ: àwọn tó ń pọn omi gòkè, ọmọ tó ń ké Kùránì nílé ìsàlẹ̀, ẹni tó ń pe oníbúrẹ́dì kó dúró. Àlejò kò wá mọ́, torí bí wọ́n bá wá, èmi á máa wo ọwọ́ ọmọ, àwọn náà á máa wo ọwọ́ ọmọ, kò ní sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ó dé ibi tí n kò mọ ẹni tí a tì mọ́lé gan-an mọ́ nínú èmi àti ọmọ.

Ọkọ mi ló pe ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní Màmá yóò wá mú Àṣàkẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, pé àgbàlá wọn fẹ̀, pé èrò wà nílé tó lè bá wọn mójú tó o, pé èmi náà á lè mí. Mo ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá ẹnu mi lò. Ọmọ tí kò lè sọ ibi tó ń dun òun ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi tí n kò ti ní mọ̀ bóyá ó jẹun. Bí mo bá ní kó dúró, ẹ̀yìn géètì yẹn ni n ó parí ayé mi sí. Bí mo bá ní kó lọ, ojú wo ni n ó máa fi wo ibùsùn rẹ̀? Ibi tí mo há sí nìyẹn títí ọjọ́ tí Màmá ń bọ̀ fi pé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti wẹ̀ fún Àṣàkẹ́, mo ti fi ìpara pa á lára, mo sì ń to aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Àwọn tí kò ní bọ́tìnnì ni mò ń ṣà, torí ó máa ń fi eyín já bọ́tìnnì. Okùn ọrùn mi ti rin nígbà tí mò ń wẹ̀ fún un, mo bọ́ ọ, mo gbé e lé orí báàgì. Mo kàn yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí mo máa yíjú padà, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ọmọ. Mo bá a ní bákónì ẹ̀yìn níbi tí a máa ń sá aṣọ sí. Ó ti na ọwọ́ jáde láàárín irin, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa wo nǹkan bó ṣe ń já bọ́. Mo gbọ́ ìró kékeré kan nínú gọ́tà.

Ìyá kan wà nísàlẹ̀ tó ń ta omi inú ọ̀rá àti yìnyín. Mo ké sí i. Ó ká aṣọ sókè, ó fi igi ìgbálẹ̀ ro inú gọ́tà títí, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí mi.

"Àǹtí òkè, omi ti gbé e o. Á ti máa wọ Ọ̀kọ́tà lọ báyìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò."

"Mo ti wò ó. Àbí kí n mu omi gọ́tà ọ̀hún ni?"

Kọ́kọ́rọ́ kejì ti bá omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ tipẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Màmá ti wọ Èkó o," ló ní. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Màá wá wẹ́dà kan mú bọ̀. Má bẹ̀rù." Ẹni tó sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni mo fi ń dúró lórí ẹsẹ̀.

Àṣàkẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Báàgì wà nílẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n. Ó lọ síbi géètì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orí gbá a. Ìró irin ń gba àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí sáàárín orí rẹ̀ àti irin, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sún ìrọ̀rí, ó tún sún. Mo fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀, ó gé mi jẹ lápá. Mo wá kúnlẹ̀, ìrọ̀rí lọ́wọ́ mi, mo ń lé orí rẹ̀ láti irin dé irin. Mò ń rò ó pé, bí iná bá sọ nínú ilé yìí báyìí ńkọ́? Bí orí rẹ̀ bá là ńkọ́, ibo la máa gbà jáde? Oòrùn ti dé ojú géètì, òórùn irin gbígbóná yẹn kún mi nímú. N kò sunkún. Mo ti kọjá ibi tí ẹkún wà.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró sálúbàtà lórí àtẹ̀gùn, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró mí. Màmá ni. Ará Èkó tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa á fi àgádágodo gbá irin, tàbí kó ti ìsàlẹ̀ pe fóònù. Màmá kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n dúró sí igun àtẹ̀gùn níbi tí a kò ti lè rí wọn, bí wọ́n ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá olómìíràn ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì gbóhùn sókè.

"Àgò onílé o."

Ẹ̀kọ́ ilé ló dá wọn lóhùn, kì í ṣe èmi. "Àgò yà o. Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Màmá yọ sí wa. Wọ́n wo géètì. Wọ́n wo àgádágodo. Wọ́n wo èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí.

"Mo ti gbọ́ pé kí n wọlé," ni wọ́n wí. "Ibo ni kí n gbà wọlé, ìyàwó? Àárín irin ni àbí abẹ́ rẹ̀?"

N kò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gun àyà, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìrọ̀rí fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ní kí àlejò wọlé, kó jókòó, nígbà tí èmi onílé gan-an kò lè jáde. Màmá náà di irin mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí mo nu ojú mi, mo ṣàkíyèsí pé irin kò dún mọ́. Àṣàkẹ́ ti dá orí dúró. Ẹnu mi ló ń wò. Ó na ìka, ó fi kan eyín mi, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó rí nǹkan rẹ̀ tó ti sọnù. Ó pẹ́ tó ti rí eyín mi kẹ́yìn.

Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́dọ̀ mumi. Ife kò gba àárín irin, mo bá tẹ́ omi inú ọ̀rá kan pẹlẹbẹ, mo tì í sí wọn. Màmá fi eyín ya etí rẹ̀, wọ́n mu ún, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àṣàkẹ́ wá fi eegun ìka kan irin: kó, kó. Ó wo Màmá, ó wo ẹnu mi. Ó tún kàn án.

"Ó ní kí n tún wọlé," ni Màmá wí. Wọ́n dìde, ọwọ́ wọn nídìí, wọ́n padà sí igun. "Àgò onílé o."

"Àgò yà o. Ẹ wọlé."

"Ibo ni kí n gbà, orogún mi? Ṣé kí n fi orí ṣáájú ni?" Orogún mi ni wọ́n máa ń fi pe Àṣàkẹ́, bí ìyá àgbà ṣe máa ń bá ọmọ ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti gèlè wọn mọ́ àárín irin, gèlè há, orí kò kọjá. Àṣàkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

A ṣe é, a tún un ṣe. Bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń ga sí i ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí le. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo mọ ibi tó máa ń já sí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gòkè lọ sẹ́nu, bó ṣe máa ń gòkè kó tó gé nǹkan jẹ. Mo fẹ́ sọ pé, "Màmá, ó tó." Kí n tó sọ ọ́, Màmá ti pe àgò; ọwọ́ ọmọ ni mò ń wò, n kò sì dáhùn. Àyè kan ṣí sílẹ̀. Màmá kò yọjú, wọn kò sì tún un pè. Ẹni tó bá pe àgò gbọ́dọ̀ dúró kí onílé dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Àṣàkẹ́ náà dúró. Ó wo igun àtẹ̀gùn, ó wo ẹnu mi. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá sinmi lórí irin. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, mo wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Àgò yà o."

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìgbà kékeré yẹn. Eré ọkọ̀ akẹ́rù ti bàbá rẹ̀ kò ní ìdúró nínú; ṣe ló ń sáré, tó ń ga, títí ara ọmọ kò fi gbé e mọ́. Tèmi, ìdúró nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí eré kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń wá méjèèjì pọ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi bi wá. Ó lè jẹ́ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kí n tó fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó yá, mo dákẹ́ bí mo ṣe ń dákẹ́, mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nípọn, ó kúrú. "Yà."

Màmá yọ orí. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

Mo tọ́ka sí Àṣàkẹ́.

Ọkọ mi dé pẹ̀lú wẹ́dà tó mú ayùn irin dání. Ọkùnrin náà kàn na ọwọ́ sí àgádágodo ni, Màmá gbá a lọ́wọ́. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé lọ́dọ̀ yín nìyẹn? Pe àgò."

Wẹ́dà wo ọkọ mi. Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pè é. Ìyá mi ni."

"Àgò o," ni wẹ́dà wí, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Yà," ni Àṣàkẹ́ wí.

Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé orí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó ní gírísì nu ojú. Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí ké lára irin, irú ariwo tó máa ń mú ọmọ náà ké tòò. Ó di etí méjèèjì. Àmọ́ bí ayùn bá ti sinmi, á ṣí etí kan, á ní, "Yà." Wẹ́dà á sì fèsì láìgbójú sókè pé, "Màdáámú, ẹ ní sùúrù, kò tíì já."

Nígbà tí a jẹun tán nírọ̀lẹ́, báàgì ṣì wà nílẹ̀. Màmá kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọmọ mi sọ fún mi pé o ti ń kú lọ. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ, kí lo wí?"

Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ mi."

"Ta ló ń bá ọ du ọmọ?" ni wọ́n dáhùn. "Èmi ni ẹ ò tíì ní rí lé lọ báyìí."

Wọ́n gbé lọ́dọ̀ wa fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa lọ ra ata fúnra mi láìmú ọmọ dání, mo dúró níwájú aláta ju bó ti yẹ lọ, mo kàn ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n máa padà sí Ìsẹ́yìn, àwọn nìkan ni wọ́n lọ.

Má rò pé mò ń sọ fún ọ pé eré wo ọmọ mi sàn. Géètì ṣì wà níbẹ̀, mo sì ṣì ń tì í, torí ojú títì kò mọ àgò. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ìyá oníyìnyín nísàlẹ̀ báyìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àgò kò ní ran nǹkan kan, tí orí á kan ògiri, tí eyín á wọ apá mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ ti padà sójú ọ̀nà. Ó máa ń dúró ní igun tábìlì kọ̀ọ̀kan báyìí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ní, "Yà." Ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á padà ní àwọn ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Mo lọ bá olùkọ́ náà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, òun náà sì ń pe àgò lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ìbẹ̀rù ṣì máa ń wá. Bó bá dé, mo máa ń jókòó sẹ́yìn géètì yẹn, ojú mi á pa dé, mi ò ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Àṣàkẹ́ á wá dúró níwájú mi, á fi eegun ìka kan orúnkún mi: kó, kó. Á ní, "Àgò." Lẹ́yìn náà á dúró. Ó ti mọ ìdúró jù mí lọ. Mo ti fi ọdún méjì yẹn rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ọmọ mi má baà jáde. N kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tèmi ni òun náà wà láti ọjọ́ yìí, tó ń fi orí kàn án, tó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kí n tó dá a lóhùn. Kì í lọ. Á máa wo ẹnu mi títí n ó fi rí ohùn mi.

"Àgò yà o," ni mo máa ń sọ fún un. "Wọlé."